Kí Wọ́n Tó Fi Ìpìlẹ̀ Lélẹ̀ ní Milwaukee

Àfonífojì kan wà ní ìlú Milwaukee, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí odò Menomonee gba àárín rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ ibẹ̀ tó nǹkan bí 1,200 éékà. Àbàtà ni tẹ́lẹ̀, ìrẹsì igbó ló sì ń hù níbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí i. Wọ́n da erùpẹ̀ sí i, wọ́n da eérú èédú sí i, wọ́n da yanrìn ilé ìyọ́rin àti pàǹtírí ìlú sí i, títí omi fi kúrò lójú ilẹ̀, tí ibẹ̀ sì le tó ohun tí ilé-iṣẹ́ lè dúró lé. Àwọn tó ń ṣe awọ ẹran wá, àwọn tó ń yọ́ irin wá, àwọn oníbíríkì àti àwọn elédùú náà wá. Ọgbà rélùwéè Milwaukee Road wà lára àwọn tó gba ilẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú irin, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Ní 1985, wọ́n ti ọgbà náà pa. Ilé ń wó, irin ń dípẹtà, igbó gba ojú irin.

Ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú, tó sún mọ́ ojú irin àti títì ńlá, kò yẹ kó pẹ́ kó tó rí ẹni rà á. Ṣùgbọ́n òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1980 lórí ilẹ̀ tí májèlé ti wọ̀ sọ pé wọ́n lè mú ẹni tó ni ilẹ̀ láti sanwó ìtọ́jú rẹ̀, kódà bí kì í bá ṣe òun ló da májèlé síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á bẹ̀rù. Báǹkì tó fẹ́ yá a lówó bẹ̀rù. Ẹni tó ni ín pàápàá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ibẹ̀, torí ohun tí wọn kò bá tíì rí kò tíì di gbèsè. Ilẹ̀ náà á wá jókòó lásán fún ọ̀pọ̀ ọdún. Brownfield ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Àjọ EPA, tó ń rí sí ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà, fojú bù ú pé wọ́n lé ní 450,000 káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Owó ìjọba ni wọ́n fi tú kókó yìí. Ní 1993, EPA fún agbègbè Cuyahoga, níbi tí ìlú Cleveland wà, ní 200,000 dọ́là láti fi dán an wò. Ní oṣù kìíní ọdún 2002, ètò náà di òfin. Ní báyìí, ìjọba ìlú lè kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́ tó tó 500,000 dọ́là láti fi yẹ ilẹ̀ wò káàkiri àdúgbò rẹ̀, láìjẹ́ pé ó dá kọ́bọ̀ tirẹ̀ lé e. Òfin ńlá tí wọ́n ṣe ní 2021 lórí ọ̀nà, afárá àti omi ya bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ brownfield. Owó àyẹ̀wò kì í kọ́ ilé, kì í sì í kó erùpẹ̀ dànù. Ohun tó ń rà ni ìmọ̀: kí ni ó wà nísàlẹ̀, ibo ló dé, báwo ló ṣe pọ̀ tó, kí sì ni a lè fi ilẹ̀ náà ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀ ló ń mú ìmọ̀ yẹn jáde, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Orí tábìlì ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìpele kìíní ni wọ́n ń pè é, wọn kì í sì í bu erùpẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ASTM E1527-21, ní kí olùyẹ̀wò tọ ìtàn ilẹ̀ náà padà sẹ́yìn dé ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ nǹkan síbẹ̀, tàbí dé 1940, èyíkéyìí tó bá ṣáájú nínú méjèèjì. Oríṣi ìwé mẹ́rin ló ń kọ́kọ́ wá: fọ́tò tí wọ́n yà láti inú bàálù, máàpù tí ìjọba yà nípa òkè àti odò, ìwé tó to orúkọ àwọn ará ìlú àti iṣẹ́ wọn ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, àti máàpù Sanborn.

Máàpù Sanborn yẹ ní dídúró wò. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò iná ni wọ́n ń yà á fún, láti 1867, wọ́n sì yà á fún nǹkan bí 12,000 ìlú ńlá àti kékeré. Íǹṣì kan lórí ìwé jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà lórí ilẹ̀. Àwọ̀ píǹkì dúró fún bíríkì, yẹ́lò fún pákó, búlúù fún òkúta, àwọ̀ eérú fún irin. Ohun tó lè gbiná ni adójútòfò ń wá, nítorí náà ẹni tó ya máàpù náà kò fo ohunkóhun: ilé tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀, yàrá epo, àgbá omi gbígbóná, táǹkì tó wà lókè àti èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ohun tó lè gbiná láyé ọjọ́un náà ló sábà máa ń ba ilẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn ọ̀la. Olùyẹ̀wò á to àwọn máàpù ilẹ̀ kan náà bí ọdún wọn ṣe tẹ̀ léra, á sì máa fi ìka tọ òbìrí kékeré kan tó dúró fún táǹkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọ̀dà. Ó wà nínú ti ọdún yìí. Ó wà nínú ti ọdún tó tẹ̀ lé e. Nínú ti ẹ̀kẹta, kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ìlà kankan tó sọ pé wọ́n hú táǹkì náà jáde. Olùyẹ̀wò á fi pẹ́ńsù yí ibẹ̀ po.

Lẹ́yìn ìwé, ẹsẹ̀ ló kàn. Olùyẹ̀wò á rin ilẹ̀ náà lọ, á rìn ín bọ̀, ní ìlà-ìlà, kí ibì kankan má baà ṣẹ́ kù. Irin tóóró tó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, lè jẹ́ ọ̀nà tí táǹkì abẹ́ ilẹ̀ fi ń mí. Kọnkéré tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àyíká rẹ̀ lè jẹ́ ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì bò. Ó ń wo ojú ihò tí omi ń gbà nílẹ̀ ilé, ó ń wo àbàwọ́n epo lábẹ́ ibi tí ẹ̀rọ jókòó sí, ó ń wo ibi tí koríko ti kọ̀ láti hù. Ó ń gbójú sókè wo tiransifọ́mà orí òpó iná, torí pé èyí tó bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú 1979, ọdún tí Amẹ́ríkà fòfin de ṣíṣe kẹ́míkà PCB, lè ní kẹ́míkà yẹn nínú epo rẹ̀. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan tó bá yà, ó ń kọ ibi tó dúró sí àti apá ibi tó kọjú sí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò wá àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí lọ. Ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe ń bi wọ́n léèrè. Ẹni tó bá béèrè pé ṣé wọ́n ń da májèlé nù níbí, á gbọ́ “Rárá” lójú ẹsẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa sọ pé májèlé lòun ń dà nù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á béèrè pé: “Níbo lẹ ti máa ń fọ gírísì kúrò lára ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì? Kí lẹ fi ń fọ̀ ọ́? Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, níbo lomi rẹ̀ ń gbà lọ?” Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì á ronú díẹ̀, á sì fi ọwọ́ ya ilé ìfọ̀rin sórí tábìlì: ilẹ̀kùn rèé, kòtò rèé, ojú omi rèé. Olùyẹ̀wò á gbé ohun tó yà yẹn lé orí máàpù Sanborn. Bí ìwé, ojú ilẹ̀ àti ẹnu àgbà bá pàdé níbì kan, ibẹ̀ ni ihò àkọ́kọ́ máa wà.

Kí wọ́n tó gbẹ́ ihò yẹn, ìwé mìíràn tún wà. Owó ìjọba ni, nítorí náà EPA gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ilẹ̀ náà yẹ ní ohun tí wọ́n lè ná owó lé, kó sì fọwọ́ sí ètò iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bu erùpẹ̀ kankan. Ètò náà ń sọ iye ihò, bí ihò kọ̀ọ̀kan ṣe máa jìn tó, kẹ́míkà tí wọ́n máa wá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú ìgò tí wọ́n máa lò, àti ìgbà mélòó ni wọ́n máa yẹ erùpẹ̀ kan náà wò lẹ́ẹ̀mejì láti mọ̀ bóyá èsì dọ́gba. Ihò kọ̀ọ̀kan ló ní owó tó ń náni. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kì í fọ́n ihò káàkiri. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé bí ihò yìí bá mọ́, tàbí bí kò bá mọ́, kí ló máa yí padà? Bí kò bá ní yí ohunkóhun padà, á gbé e lọ síbòmíràn. Ó sì máa ń fi ọ̀kan tàbí méjì sí ibi tí kò fura sí rárá, kó lè mọ bí ilẹ̀ àdúgbò náà ṣe rí láìka ti ilé-iṣẹ́ mọ́ ọn.

Wọ́n á pe 811, ìyẹn nọ́ńbà tí gbogbo agbẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń pè kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilẹ̀ á kún fún ọ̀dà: pupa níbi tí wáyà iná gbà, yẹ́lò fún gáàsì, búlúù fún omi ẹ̀rọ, àwọ̀ ewé fún omi ìdọ̀tí, àwọ̀ ọsàn fún wáyà tẹlifóònù. Ọ̀dà funfun ni ti àwọn tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ fúnra wọn. Nínú ọgbà rélùwéè àtijọ́, ọ̀pọ̀ páìpù ló wà tí kò sí lórí máàpù ẹnikẹ́ni, nítorí náà wọ́n sábà máa ń fi ọwọ́ gbẹ́ àwọn ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ lé e.

Orí ẹsẹ̀ katapílà ni ẹ̀rọ náà ń rìn, kò sì tóbi ju ohun tó lè gba ẹnu ọ̀nà gárééjì wọlé lọ. Geoprobe, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Salina ní Kansas, lorúkọ tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Títẹ̀ ló ń tẹ ọ̀pá irin wọlẹ̀, tó tún ń lù ú lórí, gbì, gbì, gbì. Nínú ọ̀pá irin náà ni ọ̀pá ike kan wà tó mọ́ gaara, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí irin ṣe ń wọlẹ̀ ni ilẹ̀ ń wọnú ike. Ẹni tó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú ń fetí sílẹ̀ ju bó ṣe ń wòran lọ. Bí irin bá ń la eérú kọjá, ìró rẹ̀ á rọ̀. Bó bá kan bíríkì, ìró á le, ẹ̀rọ á sì ta díẹ̀. Bó bá wọ ẹrẹ̀ àbàtà, ọ̀pá á máa rì fúnra rẹ̀, ẹni náà á sì ti dẹ ọwọ́ kó má baà kọjá ìwọ̀n. Kó tó fa irin jáde, ó ti lè sọ ohun tí wọ́n máa bá nínú ike.

Wọ́n á tẹ́ ọ̀pá ike náà sórí tábìlì, apá òkè sí òsì, apá ìsàlẹ̀ sí ọ̀tún, wọ́n á sì kọ ọ́ sára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà. Ọ̀bẹ kan wà tó ní ẹnu méjì. Bí wọ́n bá fà á láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, á la ìlà méjì lẹ́ẹ̀kan, ike àárín wọn á sì ṣí kúrò. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí láti ayé àwọn tó dí àbàtà wá dùbúlẹ̀ níta.

Láti ìgbà yẹn, ìṣẹ́jú ni wọ́n ń ṣọ́, nítorí pé bẹntiróòlù àti kẹ́míkà ìfọ̀rin ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Onímọ̀ ilẹ̀ á mú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní PID, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí mọ oru kẹ́míkà. Láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ti gbé e sẹ́nu gáàsì isobutylene tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 100 nínú mílíọ̀nù, láti rí i pé 100 náà ló kà. Kò ní gbé imú sí erùpẹ̀. PID ni imú rẹ̀. Á fi ọ̀bẹ ya ojú kékeré sára erùpẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, á gbé ẹnu ẹ̀rọ sí i, á kọ iye tó rí. Ibi tí iye náà bá ti ga jù ni yóò ti bù. Kì í fi ṣíbí bù ú, torí pé bí a bá ń ro erùpẹ̀ pọ̀, oru á sá lọ. Síríńjì kékeré tí wọ́n ti gé ẹnu rẹ̀ ló ń tẹ̀ wọ inú erùpẹ̀, tó sì ń fi fa nǹkan bí gíráàmù márùn-ún jáde lódindi. Á tì í sínú ìgò tí omi methanol ti wà nínú rẹ̀, á nu ẹnu ìgò kí yanrìn kankan má dí ìdérí lọ́wọ́, á sì dé e pa. Methanol náà á di kẹ́míkà yẹn mú títí yóò fi dé láàbù.

Lẹ́yìn èyí ni sùúrù tó kàn. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a óò rí ìfun inú rẹ̀. Onímọ̀ ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, á sì máa ka erùpẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀ ní íǹṣì-íǹṣì. Ó ní ìwé àwọ̀ Munsell lọ́wọ́, tí wọ́n lẹ àwọ̀ ilẹ̀ lóríṣiríṣi sí, tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà. Ó ń fi erùpẹ̀ wé e, ó ń kọ nọ́ńbà, kò kọ “dúdú” tàbí “pupa” lásán. Ó bu díẹ̀, ó rin ín, ó sì ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí tó fi di okùn tín-ín-rín. Bí okùn náà bá tín tó ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì tí kò já, amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá ń já, á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń rí ní àfonífojì Menomonee ní ìtàn nínú. Lókè ni òkúta wẹ́wẹ́ wà. Lábẹ́ rẹ̀ ni eérú èédú tó dúdú tó sì ní ihò wẹ́wẹ́, bíríkì fífọ́, àfọ́kù ìgò, yanrìn ilé ìyọ́rin tí iná ti sun. Lẹ́yìn náà, láìsí ìkìlọ̀, ẹrẹ̀ dúdú rírọ̀ tí gbòǹgbò jíjẹrà kún inú rẹ̀. Ojú àbàtà àtijọ́ nìyẹn. Onímọ̀ ilẹ̀ á fa ìlà sí ibi tí méjèèjì ti pàdé, á kọ bó ṣe jìn tó. Ìlà yẹn ṣe pàtàkì fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: eérú ló sábà ń gbé òjé àti ọ̀rá èédú, ẹrẹ̀ ló sì ń sọ bí ilé tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀ ṣe máa rì tó.

PID kò mọ òjé. Fún ìyẹn, wọ́n ń lo ẹ̀rọ XRF, tí wọ́n ń dì mú lọ́wọ́ kan, tó ń ta ìtànṣán sára erùpẹ̀ tó sì ń ka irin tó wà nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Bí erùpẹ̀ bá tutù, iye tó ń kà á wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n lò á kọ́kọ́ gbẹ ẹ́, á sì sẹ́ ẹ. Nọ́ńbà tí wọ́n ń fi wé ti yí padà: ní oṣù kìíní 2024, EPA sọ ìwọ̀n òjé tó ń fẹ́ àmójútó nínú ilẹ̀ ibùgbé kalẹ̀ láti 400 sí 200 nínú mílíọ̀nù. Ilẹ̀ tó yege lọ́dún tó ṣáájú lè má yege mọ́.

Ìyókù erùpẹ̀ á wọ ìgò tirẹ̀: ọ̀kan fún òjé àti irin yòókù, ọ̀kan fún ọ̀rá èédú. Láàárín ìgò kan sí èkejì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà á jáde, òmíràn á wọlé. Láàárín ihò kan sí èkejì, gbogbo irin á wọ inú báàfù: búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ Alconox, omi mímọ́, omi mímọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà mìíràn, wọ́n á da omi mímọ́ sórí irin tí wọ́n ti fọ̀, wọ́n á sì gba omi yẹn sínú ìgò ránṣẹ́ sí láàbù. Bí láàbù bá rí kẹ́míkà nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ìfọ̀ náà kò mọ́, èsì àwọn ihò tó tẹ̀ lé e á sì di ohun tí wọ́n ń fura sí.

Omi abẹ́ ilẹ̀ gba sùúrù ju erùpẹ̀ lọ. Wọ́n á sọ díẹ̀ nínú àwọn ihò náà di kànga àyẹ̀wò. Páìpù ike tí fífẹ̀ rẹ̀ tó íǹṣì méjì ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ojú tín-ín-rín tí omi lè gbà wọlé tí yanrìn kò sì lè gbà. Wọ́n á rọra da yanrìn mímọ́ yí apá yẹn ká, wọ́n á sì máa fi téépù wọn bó ṣe ń ga sí i. Lórí yanrìn ni wọ́n ń da amọ̀ bentonite sí, tó máa ń wú bó bá mumi, tó sì ń dí ihò náà kí omi òjò má baà gba ẹ̀gbẹ́ páìpù ṣàn wọlẹ̀. Wọ́n á fa omi kànga náà títí yóò fi là, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó farabalẹ̀.

Kí wọ́n tó bu omi rẹ̀, wọ́n ń wọn bó ṣe jìn tó. Téépù kan wà tó ń ké bí ẹnu rẹ̀ bá kan omi. Wọ́n á gé àmì sí etí páìpù, ojú àmì yẹn ni wọ́n sì ti máa ń wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo, dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà. Kànga mẹ́ta tí kò tò sórí ìlà kan ló kéré jù tí wọ́n fi lè mọ apá ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń ṣàn lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn lè má ju ìka kan lọ; òun ló máa sọ bóyá odò ni májèlé ń dojú kọ, tàbí ilé aládùúgbò.

Pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa omi náà ń lọ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bíi ìdajì ife láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹrẹ̀ má baà rú sókè. Omi ń gba inú ẹ̀rọ kan kọjá tó ń ka ìkan rẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ àti bó ṣe mọ́ tó. Wọn kò tíì ní bù ú. Wọ́n ń dúró dìgbà tí àwọn nọ́ńbà yẹn bá jọra lẹ́ẹ̀mẹta tó tẹ̀ léra, torí ìgbà yẹn ló dájú pé omi inú ilẹ̀ ló ń jáde, kì í ṣe èyí tó ti sùn nínú páìpù. Ìgò tí wọ́n máa fi wá kẹ́míkà ìfọ̀rin kò gbọ́dọ̀ ní afẹ́fẹ́ nínú rárá. Wọ́n á bù ú títí omi á fi ga kọjá ẹnu ìgò láìdànù, wọ́n á dé e, wọ́n á dorí rẹ̀ kodò, wọ́n á sì fi ìka ta á. Bí ìfófòó kan bá yọ, wọ́n á tún òmíràn bù.

Gbogbo ìgò á wọ inú kúlà pẹ̀lú yìnyín, àti ìgò omi mímọ́ kan tí láàbù fi ránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, láti fi mọ̀ bóyá kẹ́míkà wọnú kúlà lójú ọ̀nà. Ìwé kan ń bá kúlà náà rìn: nọ́ńbà ìgò, aago tí wọ́n bù ú, ẹni tó bù ú. Ẹni tó bá gbé kúlà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ á buwọ́ lù ú, ẹni tó gbà á náà á buwọ́ lù ú. Bí ìbuwọ́lù kan bá sọnù, ilé ẹjọ́ lè kọ èsì náà.

Ní láàbù, wọ́n á fi ásíìdì yọ́ erùpẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wá òjé nínú rẹ̀, wọ́n á sì fọ́n ọn sínú iná argon tó gbóná tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Irin kọ̀ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nínú iná yẹn, bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe mọ́ tó ló ń sọ bí irin ṣe pọ̀ tó. Láti mọ̀ pé ọwọ́ àwọn náà kò ṣì, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi ìwọ̀n kẹ́míkà tí wọ́n mọ̀ sínú erùpẹ̀ kan, wọ́n á sì wò ó bóyá ìwọ̀n yẹn náà ni ẹ̀rọ máa dá padà fún wọn. Ohun tí wọ́n ń wá kéré. Òfin omi mímu ní Amẹ́ríkà kò gbà ju máíkírógíráàmù márùn-ún benzene nínú lítà omi kan, bákan náà ni fún TCE tí wọ́n fi ń fọ irin.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìròyìn máa ń jáde. Ó nípọn, ṣùgbọ́n ojú ewé tí ìjọba ìlú ń wá kò pọ̀: tábìlì tí wọ́n ti kun ojú àwọn nọ́ńbà tó kọjá òfin, máàpù tí wọ́n fa ìlà yí ibi tí májèlé dé ká, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ohun tí wọ́n lè ṣe. Ìròyìn tó dára kì í sọ ju ohun tí ihò rẹ̀ rí lọ. Á kọ ibi tí òun kò gbẹ́, á sì sọ ìdí tí òun kò fi gbẹ́ ẹ.

Ní 2003, ìjọba ìlú Milwaukee gba ọgbà rélùwéè àtijọ́ náà. Nígbà tí wọ́n mọ ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n lè yan ohun tí wọ́n máa kó, ohun tí wọ́n máa bò, àti ibi tí ilé lè dúró. Erùpẹ̀ tí wọ́n hú níbi títún ìkóríta Marquette ṣe ni wọ́n kó wá láti fi gbé ilẹ̀ náà ga kúrò lọ́wọ́ omíyalé. Ilé-iṣẹ́ píìsà Palermo's wà níbẹ̀ báyìí, Ingeteam tó wá láti Sípéènì náà wà níbẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi orúkọ Hank Aaron pè sì gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n fi òpó èéfín méjì ti rélùwéè sílẹ̀ ní ìdúró.

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ń ra ilé ìkẹ́rù àtijọ́ ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ń ra gárééjì tàbí ilé ìfọṣọ àtijọ́ ṣe ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìròyìn tí wọ́n fi owó ìjọba ṣe kì í ṣe àṣírí. Ní Wisconsin, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BRRTS, ti DNR, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń rí sí àyíká, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìlú yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní owó àyẹ̀wò brownfield lọ́wọ́, àti bóyá ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà lè wọ inú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi owó ara yín ṣe Ìpele kìíní. Ẹ rí i pé wọ́n ṣe é láàárín ọdún kan ṣáájú ọjọ́ tí ilẹ̀ máa di tiyín, kí àwọn apá rẹ̀ tó ṣe kókó má sì ti ju 180 ọjọ́ lọ. Ẹ ṣe é kí ẹ tó rà á: àyẹ̀wò tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti di tiyín kò lè gbà yín lọ́wọ́ òfin 1980.